Kọfí Tó Ń Lé Ebi

Kí n tó dé Èkó, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé mo sanra jù. Ní Kétu, níbi tí wọ́n ti bí mi, ẹni tó bá sanra ni ara rẹ̀ dá, ilé bàbá rẹ̀ sì ni oúnjẹ wà. Bí mo bá ń ti ọjà bọ̀, àwọn ìyá àgbà á dá mi dúró, wọ́n á fọwọ́ kan apá mi, wọ́n á ní, "Ọmọ tíṣà, Ọlọ́run ṣe é fún ọ." Tíṣà ni bàbá mi lóòótọ́. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ kò sanwó oṣù fún àwọn tíṣà mọ́, tí bàbá mi sì ṣubú lọ́jọ́ kan tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò gbéra mọ́, tí ohùn rẹ̀ náà sì lọ, èmi àkọ́bí ni mo di ẹrù mi. Bí mo ṣe sọdá bodè kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ. Ohun tí mo bá níbí ni mo fẹ́ sọ.

Lọ́sẹ̀ tí mo dé, mo fẹ́ wọ mólúè ní Ìdó, kí n lọ sí Mushin níbi tí mo ti rí yàrá kan gbà. Kọ́ńdọ̀ na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀rọ̀bọ̀, owó ẹni méjì lẹ máa san o."

Mo rò pé ẹlòmíràn ló ń bá wí. Mo bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin náà ni, Mọ̀mí. Àyè ẹni méjì lẹ máa gbà."

Àwọn èrò inú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo san owó ẹni méjì, síbẹ̀ ọkùnrin tó jókòó tì mí ń fi ìgúnpá tì mí títí dé Costain, ó ń pòṣé. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo wo apá mi, mo wo ikùn mi, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù ẹlòmíràn lé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìlú mi náà tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí pé níbo ni mo ti wá, tí mo bá ní Kétu, wọ́n á ní, "Kétu lọ́nà Máìlì Tuẹ́lífù? Kò kúkú jìnnà." Màá ní rárá, Kétu ti ilẹ̀ Faransé ni. Ojú wọn á yí padà. "Háà, Àgànyìn ni yín." Yorùbá ni mo ń sọ fún wọn, Yorùbá náà ni wọ́n sì fi ń pè mí ní Àgànyìn. Níléèwé wa, wọ́n kọ́ wa pé ọmọ bàbá kan ni àwa àti àwọn ará ìhà ibí, pé òyìnbó ló wá fi bodè là wá láàárín. Ó dà bíi pé wọn ò kọ́ àwọn ará ìhà ibí ní ẹ̀kọ́ yẹn.

Mo ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìlúpéjú. Iṣẹ́ wa ni pé kí á máa to bísíkíìtì sínú ọ̀rá bí ẹ̀rọ ṣe ń tì í wá. A máa ń dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nínú ooru àti òórùn ṣúgà. Títí di òní, bí wọ́n bá ṣí bísíkíìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, orí á máa fọ́ mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ náà ló le jù. Géètì ni.

Bí a bá ṣíwọ́, wọ́n á yẹ gbogbo wa wò bóyá a jí nǹkan. Ìyá kan ló ń yẹ àwọn obìnrin wò. Á fọwọ́ pa àpò àwọn tó kù, á ní kí wọ́n máa lọ. Bó bá kàn mí, á ní kí n dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan títí gbogbo èèyàn á fi lọ tán. Lẹ́yìn náà á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ikùn mi.

"Kí ló wà nínú ibí yìí?"

"Ikùn mi ni, Mà."

"Gáàrí kan náà ni gbogbo yín ń jẹ. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ nìkan ló ń tóbi?"

N kò jí bísíkíìtì kankan rí. Ṣùgbọ́n mo ń jẹun, n kò ní purọ́. Ebi máa ń pa mí ju bó ṣe ń pa àwọn tí a jọ ń gbé inú ilé lọ. Pàápàá bí mo bá dé, tí iná ò sí, tí mo dá jókòó sí yàrá, tí àwọn ayálégbé tó kù ń bá ọmọ wọn ṣeré ní kọ̀rídọ̀, ebi náà á wọlé wá bí àlejò, á jókòó tì mí, kò sì ní lọ bí mi ò bá tíì gbé nǹkan síwájú rẹ̀. Búrẹ́dì ni mo sábà máa ń fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, mo máa ń lọ tò sí ilé tẹlifóònù ní Yaba. Ilé ìtajà oògùn kan ní Kétu ni mo ń pè. Ìyá mi á ti jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ṣé ò ń jẹun?" Ìbéèrè tó kọ́kọ́ máa ń bi mí nìyẹn.

"Mò ń jẹun, Ìyá."

"Ṣé o ò rù?"

"N kò rù."

"Ọlọ́run ṣeun. Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, mo ti fi han gbogbo agboolé. Wọ́n ní Èkó gbà ọ́." Á tún ní, "Bàbá ẹ ń gbọ́ o. Mo gbé e dání wá lónìí." Màá wá gbọ́ èémí bàbá mi nínú tẹlifóònù, èémí lásán, nítorí kò lè sọ̀rọ̀. Màá sọ fún un pé iṣẹ́ dára, pé ilé dára. Nígbà tí mo bá jáde síta, àwọn èèyàn á ti máa wo ẹ̀yìn mi.

Ara kan náà ni. Ní Kétu, òun ni ìyá mi ń fi yangàn pé ọmọ òun kò jìyà. Ní Èkó, òun ni wọ́n ń gbá lábàrá ní géètì. Mo máa ń rò ó pé bí mo bá rù, àwọn ará Èkó á jẹ́ kí n rímú mí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá délé, ìyá mi á sunkún. Bí mi ò bá sì rù, a jẹ́ pé mo wà níbí bí mo ṣe wà yìí. N kò mọ èwo nínú méjèèjì ni èmi fúnra mi fẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè.

Nọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ wa ló rán mi lọ sọ́dọ̀ Dókítà Adégòkè. Òòyì ti kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé mi lọ sí yàrá nọ́ọ̀sì, ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ó ń ru.

"Dókítà kan wà ní Yaba tó ń wá àwọn tó sanra," ló wí. "Nǹkan mímu kan ni wọ́n ń dán wò, bóyá ó lè dín ebi kù. Ọjọ́ Sátidé ni. Wọ́n á fún yín lóúnjẹ lẹ́yìn rẹ̀."

Oúnjẹ tó dárúkọ yẹn ni mo gbọ́. Mo lọ.

Yàrá kan ni lẹ́yìn ilé ìwòsàn, tí wọ́n to àga sí yíká. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wa. Nígbà tí mo wọlé tí mo rí wọn, tí àga ń dún lábẹ́ gbogbo wọn, nǹkan kan tú nínú àyà mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà gbẹ̀yìn níbi tí kò sẹ́ni tó ń wò mí.

Dókítà náà kì í ṣe àgbàlagbà, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní, "Mi ò pè yín wá kí n bú yín. Ebi yín ni mo fẹ́ mọ̀. Ẹ máa gbààwẹ̀ wá láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. A máa fún yín ní ife kan. Lọ́sẹ̀ kan, kọfí lásán ni. Lọ́sẹ̀ mìíràn, a máa po ìyẹ̀fun gbòǹgbò kan mọ́ ọn. Lọ́sẹ̀ mìíràn, kọfí tí wọ́n ti yọ agbára tó ń lé oorun kúrò nínú rẹ̀ ni. A ò ní sọ èyí tí ẹ ń mu fún yín. Ìyẹ̀fun yẹn, ikùn èèyàn ò lè lọ̀ ọ́. Ó máa ń lọ bẹ́ẹ̀ dé inú ìfun. Àwọn ohun tíntìntín abẹ̀mí kan ń gbé ibẹ̀, wọn kì í ṣe ọ̀tá wa, àwọn ló ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ yó, a rò pé wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí wa pé àwa náà ti yó."

Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Bí wọn ò bá wá ránṣẹ́ ńkọ́, Dókítà?"

"Ìyẹn náà la fẹ́ mọ̀, Mà."

Obìnrin yẹn ni Àǹtí Fọlákẹ́. Tíṣà ni ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Surulere. Ó tóbi jù mí lọ, ó sì fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí. Ọkọ rẹ̀ ti kó lọ sọ́dọ̀ ìyàwó mìíràn, òun àti ìyá rẹ̀ ló kù nínú ilé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. A ó mu ife wa, a ó jókòó títí di ọ̀sán. Láàárín ìgbà náà, wọ́n á máa gbé ìwé tí wọ́n fa ìlà sí wá bá wa. Ní òpin ìlà kan, ebi ò pa ọ́ rárá. Ní òpin kejì, ebi fẹ́ẹ́ pa ọ́ kú. Kí o fi bírò sàmì sí ibi tí tìrẹ wà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà wá, kí o jẹ títí wàá fi yó. Wọ́n á wá gbé ohun tó bá ṣẹ́ kù sórí ìwọ̀n.

Lọ́sẹ̀ kejì tí mo lọ, mo gbé ife mi sẹ́nu, ọwọ́ mi sì dúró. Ó korò, ṣùgbọ́n adùn kékeré kan wà lábẹ́ ìkorò náà, bí ìgbà tí nǹkan bá fẹ́ẹ́ jóná nínú ìkòkò. Kàfé bàbá mi ni. Bí àwa ṣe ń pè é nílé nìyẹn. Irú èyí tí àwọn Faransé kó wá, tí wọ́n ń po gbòǹgbò yíyan mọ́, ni bàbá mi máa ń mu kó tó lọ síléèwé, á sì fi ìsàlẹ̀ ife sílẹ̀ fún mi. Omi bọ́ lójú mi kí n tó mọ̀.

Àǹtí Fọlákẹ́ fún mi ní aṣọ ìnujú rẹ̀. "Ṣé ó gbóná jù ni?"

"Rárá, Mà. Ó rán mi létí ilé ni."

"Ilé wo?"

"Kétu."

Ó wò mí. "Kétu ti ilẹ̀ Faransé, àbí? Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ. Mo máa ń sọ ìtàn Alákétu fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mi ò tíì rí ará ibẹ̀ rí."

Òun lẹni àkọ́kọ́ ní Èkó tó mọ ibi tí mo ti wá láìjẹ́ pé mo ṣàlàyé.

Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń jókòó pọ̀. Ó láwàdà. Ìyẹ̀fun gbòǹgbò yẹn máa ń kó afẹ́fẹ́ sí èèyàn nínú, bó bá sì di agogo mọ́kànlá, gbogbo wa á ti máa yí lórí àga, olúkúlùkù ń mú un mọ́ra. Lọ́jọ́ kan, ti ìyá kan báyìí jáde, ó sì le. Ilé pa rọ́rọ́. Àǹtí Fọlákẹ́ rọra ní, "Wọ́n ti ránṣẹ́ o." A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wa, dókítà náà kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Bí mo bá ń rántí ọdún wọ̀nyẹn ní Èkó, yàrá tó kún fún àwọn èèyàn tó sanra, tí ebi ń pa, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ni ibi tó dára jù lójú mi.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí wá sílé rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí mo bá ti fóònù tán. Télọ̀ ni ìyá rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dára. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ gún, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tó rí mi, ó wo èmi, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ti rí ara yín." N kò mọ̀ bóyá àdúrà ni tàbí èébú.

Ohun mímu náà ṣe nǹkan díẹ̀ lára mi. Lọ́jọ́ tí mo bá mu èyí tó ní gbòǹgbò nínú, ebi kì í tètè dé. Ṣùgbọ́n bó bá di ìrọ̀lẹ́, á dé, á sì béèrè gbogbo ohun tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Bí ìwọ̀n bá sọ̀ kalẹ̀ lára mi lọ́sẹ̀ yìí, á gòkè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìlà tí wọ́n ní kí n sàmì sí yẹn náà máa ń dà mí rú. Èwo nínú ebi mi ni wọ́n ń béèrè? Èyí tó ń mú ikùn hó wà. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí mo bá gbọ́ èémí bàbá mi nínú tẹlifóònù ló máa ń dé, kò sì sí oúnjẹ tó mọ̀ ju búrẹ́dì lọ. Mo máa ń mú bírò, màá fi àmì sí àárín.

Lára Àǹtí Fọlákẹ́ ni nǹkan náà ti ṣiṣẹ́.

"Àbúrò, ebi yẹn ti lọ," ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ ń dán. "Mo jí láàárọ̀, mi ò bá a nílé. Mo wo búrẹ́dì, búrẹ́dì wò mí, a ò bá ara wa sọ nǹkan kan."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn. Ọrùn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ jáde, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ń gba aṣọ ọmọ rẹ̀ sínú ní ìkọ̀ọ̀kan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ìjọ ń dì mọ́ ọn. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń béèrè kọfí tó ń mu. Ọkọ rẹ̀ tó ti kó jáde pàdé rẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba, ó dúró, ó kí i, ó ní òun kò tètè dá a mọ̀. Ó sọ ìyẹn fún mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà.

Mo jowú rẹ̀. Mo máa ń wo bó ṣe ń ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí mo sì ń họ ìsàlẹ̀ tèmi. Òun ló sì kọ́ mi ní ohun tí mo ṣe ní géètì. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ìyá tó ń yẹ̀ wá wò fún un, ó ní, "Má bá a jà. Sáà wo ojú ẹ̀, má wolẹ̀." Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìyá náà ní kí n dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo dúró sórí ìlà. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Mà, ẹ yẹ̀ mí wò níbi tí ẹ ti ń yẹ àwọn tó kù wò." Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń kùn pé kí ìlà máa lọ. Ó fọwọ́ pa àpò mi, ó ní kí n máa lọ. Kò tún gbá ikùn mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Sátidé kan dé tí Dókítà Adégòkè kò jókòó sí àyè rẹ̀ iwájú. Ó gbé àga wá síwájú Àǹtí Fọlákẹ́. Wọ́n ti gbé oúnjẹ wá, Àǹtí kò fọwọ́ kàn án.

"Mà, mo ti ń wo tiyín láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan," ló wí. "Àwọn tó kù, bí a bá yí ife padà, ebi wọn náà á yí padà díẹ̀. Tiyín ò yí padà. Ife yòówù kí a fún yín, bákan náà ni. Ṣé nǹkan kan ń dùn yín?"

"Ẹ̀yìn mi ni. Ó ti pẹ́. Á gbà láti ikùn lọ sẹ́yìn."

"Kí ni wọ́n sọ fún yín?"

"Wọ́n ní ọ̀rá ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Dókítà, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, kò sí ibi tó dùn mí rí lára tí wọn ò ní ọ̀rá ni."

Dókítà ní kó wo òkè, ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sísàlẹ̀. Èmi náà rí i láti ibi tí mo jókòó sí. Ẹyin ojú rẹ̀ ti pọ́n bí òróró. Dókítà náà wá ní kó dìde, kí wọ́n jọ máa lọ sí inú ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Kókó burúkú kan ló wà ní ẹ̀yìn ikùn rẹ̀. Òun ló ń lé ebi rẹ̀ lọ, kì í ṣe kọfí, kì í ṣe gbòǹgbò. Ó ti ràn kọjá ibi tí ọ̀bẹ ti lè ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní ká ní wọ́n ti tètè yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ì bá yè, wọ́n tún ní bóyá kì bá tilẹ̀ já mọ́ nǹkan kan. Mo gbọ́ méjèèjì, n kò mọ èyí tí mo lè fara mọ́.

Láti Ìlúpéjú ni mo ti máa ń lọ kí i bí mo bá ṣíwọ́. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan láti ìjọ wọn wọlé wá, kò tíì gbọ́ ohun tó ń ṣe é dáadáa. Ó ní, "Ẹ wo bí ẹ ṣe rí, bí ọmọge." Àǹtí Fọlákẹ́ dá a lóhùn pé ó ṣeun. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó yíjú sí mi.

"Àbúrò, nígbà tí ara mi le, kò sẹ́ni tó kí mi. Nígbà tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí ni wọ́n ń kí mi kú oríire."

Mo ń fi omi nu ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́?" ló bi mí. "Ṣé ebi ṣì ń pa ọ́?"

"Ó ṣì ń pa mí, Mà."

"Jẹ́ kó máa pa ọ́. Mo ń fẹ́ kí tèmi padà wá, kò gbà."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tó fi kú. Ọjọ́ iṣẹ́ ni, ọ̀sán gangan, mo wà níwájú ẹ̀rọ.

Nígbà tí mo pe ilé lọ́jọ́ Àìkú, ìyá mi ní ohùn mi kò dùn.

"Ẹnì kan kú ni, Ìyá."

"Ṣé ará wa ni?"

Mo ní rárá. Mo tún ní bẹ́ẹ̀ ni, ará wa ni. Kò béèrè bó ṣe jẹ́. Ó ní kí n pẹ̀lẹ́, ó wá sọ ọ́ fún bàbá mi, mo sì gbọ́ tí èémí bàbá mi yí padà.

Iṣẹ́ dókítà náà parí ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ó pè wá jọ, ó sọ ohun tó rí fún wa láìfi pamọ́. Gbòǹgbò inú kọfí máa ń jẹ́ kí ebi falẹ̀ díẹ̀ fún àwọn kan nínú wa, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí a jẹ lójúmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù, ara wa kò sì fọn. Ó ní bóyá àwọn tó máa mu ún pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ á rí ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun kò mọ̀. Ìyá kan béèrè ti Àǹtí Fọlákẹ́.

"A yọ tiwọn kúrò," ló wí. "A ò lè kà á mọ́ tiyín, nítorí àìsàn ló fa tiwọn." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ebi yín ni mo ń wò. Èmi náà kò wo ibòmíràn títí ó fi pẹ́."

A jẹ ìrẹsì wa, a túká.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ayálégbé kan kan ilẹ̀kùn mi ní Mushin, ó ní ìyá àgbà kan ń bi mí léèrè. Ìyá Àǹtí Fọlákẹ́ ni. Ó ti fi ọ̀pá rìn gba inú ẹrẹ̀, tòun ti aṣọ dúdú. N kò mọ bó ṣe rí ilé mi. Mo wọ́ àga kan ṣoṣo tí mo ní fún un, mo jókòó sílẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń fún yín mu níbẹ̀?" ló wí. Kò tilẹ̀ tíì mí kanlẹ̀.

"Kọfí ni, Màmá. Pẹ̀lú ìyẹ̀fun gbòǹgbò kan."

"Ìwọ náà mu ún?"

"Mo mu ún, Mà. Gbogbo wa la mu ún. Kò ṣe wá ní nǹkan kan."

"Kì í ṣe òun ló pa á?"

"Kì í ṣe òun, Màmá."

Ó fi orí ọ̀pá ti àgbọ̀n rẹ̀. Òjò ń lu páànù.

"Mo ti ń gbàdúrà pé kó jẹ́ òun," ló wí. "Bó bá jẹ́ òun ni, màá mọ ẹni tí mo máa bá jà." Ó nu ojú rẹ̀. "Èmi ni mo ń ran aṣọ yẹn. Bí mo bá ti gba ọ̀kan sínú tán, mo máa ń kọrin ọpẹ́. Ọmọ ń kú lọ lójú mi, mo ń kọrin."

Mo fẹ́ sọ fún un pé gbogbo wa ni, pé èmi náà jowú. Dípò ìyẹn, mo ní kí n se nǹkan fún un, ó ní rárá, òjò ti fẹ́ dá, ọ̀nà jìn. Ó dìde. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, mo sì ti mú ara le de ohun tó máa sọ.

"Ìyá ẹ wà láyé?"

"Ó wà, Mà. Ó wà nílé."

"Láti ìgbà wo lo ti jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́fà, Màmá."

Ó mi orí. "Wá lọ́jọ́ Àìkú."

Mo lọ. Ó ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Ó gbé iyán jáde, ó gbé ẹ̀fọ́, ó gbé ẹja. Àga mẹ́ta ló wà ní ìdí tábìlì, oúnjẹ ẹni mẹ́ta ni ó sì sè. N kò mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì í, tàbí ó mọ̀ ọ́n ṣe. N kò béèrè. Ó bu tèmi, ó bu tirẹ̀, a jókòó, a sì jẹ ẹ́ tán.